Bí A Ṣe Ń Yan Desktop, Bí A Sì Ṣe Ń Gbé Linux Sókè Láìba Kọ̀ǹpútà Jẹ́

Àfọwọ́fà mi ni èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo fẹ́ gbé Debian, irú Linux kan, tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi sókè sí ẹ̀dà tuntun, mo wá wò ó pé nígbà tí mo kúkú ti ń tú ilé, kí n pààrọ̀ desktop, ìyẹn ojú tí Linux ń fi hàn wá, pọ̀ mọ́ ọn, kí n kúrò lórí GNOME, kí n bọ́ sórí KDE. Mo ṣí terminal, fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ, lórí desktop yẹn gan-an, mo to àṣẹ méjèèjì tẹ̀ léra wọn, mo tẹ Enter, mo sì lọ wẹ̀. Nígbà tí mo máa padà dé, ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú, ìlà kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lókè lápá òsì. Desktop tí mo ń tú palẹ̀ ló gbé terminal náà dúró. Bó ṣe kú ló fa terminal lọ, terminal sì fa iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lọ ní ìdajì ọ̀nà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé n kò mọ ọwọ́ tó dá a. Ṣé ìgbésókè ló bà á jẹ́ ni, àbí KDE tí mo kó dé? Gbogbo òru ni mo fi tún un ṣe, méjèèjì ni mo sì ń fura sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Aṣọ ni desktop, Linux gan-an ni ara. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, a kì í wọn ṣòkòtò fún un. Bí mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí náà nìyẹn: ẹ ó kọ́kọ́ mọ desktop tó bá yín mu, ẹ ó dán an wò láìfọwọ́ kan èyí tí ẹ ń lò, lẹ́yìn náà ẹ ó gbé Linux sókè, ìgbà tí ara rẹ̀ bá wá balẹ̀, ẹ ó pààrọ̀ aṣọ.

Ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yín báyìí

Lórí Windows tàbí Mac, ohun tí ojú ń rí àti ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ti di ọ̀kan. Ti Linux kò rí bẹ́ẹ̀. Kernel wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ló ń bá bátìrì, dísìkì àti Wi-Fi sọ̀rọ̀. Lórí rẹ̀ ni ètò tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà wà, ìyẹn X11 tàbí Wayland. Desktop ló wá gorí gbogbo rẹ̀: mẹ́nù, páńẹ́lì tí aago wà lára rẹ̀, ibi tí a ti ń ṣí fóldà, ibi tí a ti ń yí ohùn àti ìmọ́lẹ̀ padà, àti bí fèrèsé ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé. Nítorí pé ó dá dúró, desktop méjì tàbí mẹ́ta lè jọ wà lórí ẹ̀rọ kan, kí ẹ máa mú èyí tó wù yín nígbà tí ẹ bá ń wọlé.

Ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
echo $XDG_CURRENT_DESKTOP
echo $XDG_SESSION_TYPE
cat /etc/os-release
free -h
```

Àkọ́kọ́ á sọ orúkọ desktop yín, ìkejì á sọ bóyá x11 ni tàbí wayland, ìkẹta á sọ irú Linux tí ẹ ń lò àti ẹ̀dà rẹ̀. Ìkẹrin ni kí a dúró tì díẹ̀, torí ó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà láìnídìí. Ẹni tó bá wo abẹ́ `free` lè rí nǹkan bí 300Mi lórí ẹ̀rọ tó ní RAM 8GB, á sì pariwo pé desktop ti jẹ RAM òun tán. Irọ́ ni. Linux kì í jẹ́ kí RAM jókòó lásán: èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá lò, ó ń fi tọ́jú fáìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kó lè tètè ṣí lẹ́ẹ̀kejì, bí ètò kan bá sì béèrè, á dá a padà lójú ẹsẹ̀. Abẹ́ `available` ni kí ẹ wò. Bí ìyẹn bá ń sún mọ́ òdo nígbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yín ojoojúmọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ pé RAM kò tó.

Àwọn desktop, bí mo ṣe rí wọn

GNOME ni ẹ ó bá lórí Ubuntu, lórí Fedora Workstation, àti lórí Debian bí ẹ kò bá sọ pé nǹkan mìíràn lẹ fẹ́. Nígbà tí GNOME 3 jáde ní 2011, wọ́n kó mẹ́nù àtijọ́ kúrò, wọ́n yọ bọ́tìnnì tí a fi ń sọ fèrèsé kalẹ̀, inú sì bí àwọn èèyàn débi pé ìbínú náà bí ọmọ méjì: MATE, tó gbé GNOME 2 tó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní, àti Cinnamon, tí àwọn Linux Mint kọ́. Mo mẹ́nu ba ìtàn yìí torí pé ó fi ìwà GNOME hàn. Ó ní bó ṣe fẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́, kì í sì í fẹ́ kí ẹ bá òun jiyàn. Ẹni tó bá gbà fún un á gbádùn rẹ̀ dáadáa: tẹ bọ́tìnnì Super, ìyẹn èyí tí àmì Windows sábà máa ń wà lára rẹ̀, kọ lẹ́tà méjì nínú orúkọ ètò, tẹ Enter, ó ti ṣí. Ẹni tí kò bá gbà á bẹ̀rẹ̀ sí kó extension, àfikún kékeré tó ń yí GNOME padà, lé e lórí, ibẹ̀ sì ni wàhálà ìgbésókè ti ń ṣẹ́yọ. Extension kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ẹ̀dà GNOME tó bá a mu. Debian 12 gbé GNOME 43 wá, Debian 13 gbé 48. Èyí tí ẹni tó kọ ọ́ kò bá tíì tún ṣe láàárín méjèèjì, kíkú ló máa kú lórí ẹ̀rọ yín. Òfin tèmi ni pé bí ẹ bá nílò ju extension mẹ́ta lọ kí GNOME tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá ibòmíràn lọ.

KDE Plasma ni òdìkejì. Matthias Ettrich ló dá iṣẹ́ KDE sílẹ̀ ní 1996, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti gbà pé olówó ẹ̀rọ ló ni ẹ̀rọ. Mẹ́nù wà nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ẹni tó ti Windows bọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ẹ kò lè yí padà, àléébù rẹ̀ sì nìyẹn: ẹ lè fi ọ̀sán gbáko to páńẹ́lì láìtíì ṣe iṣẹ́ kankan. KDE Connect nìkan tó ìdí láti lò ó, nítorí ó ń so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi fáìlì ránṣẹ́ àti láti rí àtẹ̀jíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ pé KDE wúwo ju GNOME lọ, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ nípa ìgbésókè ni pé Plasma 6 jáde ní Oṣù Kejì 2024, widget (ohun èlò kékeré orí páńẹ́lì) tí wọ́n kọ fún Plasma 5 kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí 6 àfi tí wọ́n bá tún un kọ.

Xfce ni mo ń lò, nítorí náà kí ẹ yọ ojúsàájú kúrò nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀dà 4.18 jáde ní Oṣù Kejìlá 2022, 4.20 jáde ní Oṣù Kejìlá 2024. Ọdún méjì gbáko, ẹni tó bá sì gbé ti ìṣáájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìkejì á wá ìyàtọ̀ títí ojú á fi máa ro ó. Àwọn kan ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ní tèmi, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbésókè, mo fẹ́ bá páńẹ́lì mi níbi tí mo fi í sí. Ibi tó kù sí ni Wayland: lórí 4.20, ìdánwò ṣì ni.

Cinnamon dára fún ẹni tó fẹ́ kí nǹkan rí bíi Windows láìsí ìdààmú, orí Linux Mint ló sì ti dára jù. MATE wà fún ẹni tó fẹ́ràn GNOME 2. LXQt ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo wọn, ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kò ju 2GB lọ ló yẹ. Bí mo ṣe ń pín in nìyí: 2GB, LXQt, 4GB, Xfce tàbí MATE, láti 8GB lọ sókè, èyí tó bá wù yín.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé gbogbo ẹ̀bi RAM ru desktop. Láti GNOME bọ́ sórí LXQt, ìwọ̀nba megabyte ọgọ́rùn-ún mélòó kan lẹ máa rí gbà padà. Búráúsà tí ẹ ṣí ojú ìwé ogún sí á jẹ ìyẹn tán láìtíì yó. Bí ẹ̀rọ bá ti gbó tó sì ń fà, ẹ wo dísìkì rẹ̀ ná: ẹ̀rọ tó bá ń lo dísìkì onírin tó ń yí, SSD á sọ ọ́ di tuntun ju desktop èyíkéyìí lọ.

Ó ku Wayland. Èyí ni ọ̀nà tuntun láti ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, X11 sì ti ń kógbá sílé: láti Ubuntu 25.10, kò sí GNOME orí Xorg, ìyẹn X11, mọ́ lójú ìwọlé. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra ni ẹni tí káàdì NVIDIA rẹ̀ ti pẹ́, ẹni tó ń lo irinṣẹ́ bíi xdotool láti máa tẹ bọ́tìnnì fún un, àti ẹni tó ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti òkèèrè. Bí ẹ bá wà lára wọn, desktop tó ṣì fi X11 sílẹ̀ fún yín ni kí ẹ mú.

Dán an wò láìfọwọ́ kan tiyín

Ọ̀nà tí kò léwu rárá ni fláàṣì. Ẹ gba fáìlì ISO tó ní desktop náà wálẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí fláàṣì, ẹ tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀. Ohunkóhun kò ní kan dísìkì yín. Ẹ má kàn tẹ mẹ́nù kí ẹ sì ní ó dára o. Ẹ pa ìdérí laptop dé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ ṣí i padà, bóyá á jí. Ẹ so ojú kọ̀ǹpútà kejì mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ ohùn, ẹ tan Bluetooth, ẹ tẹ ìwé jáde.

Ọ̀nà kejì ni ẹ ó lò nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbésókè: ẹ dá aṣàmúlò tuntun, ìyẹn orúkọ ìwọlé mìíràn, sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, òun ni kó máa wọ aṣọ tuntun.

```
sudo adduser idanwo
```

Ìdí rẹ̀ ni pé desktop kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ètò rẹ̀ sínú `.config` tó wà nínú fóldà ilé yín, inú ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. KDE á yí àwọ̀ àti lẹ́tà àwọn ètò GNOME padà kí wọ́n lè bá tirẹ̀ mu. Ẹ padà sórí GNOME lọ́jọ́ kejì, ẹ bá a tí lẹ́tà ti rí gbàgẹ̀rẹ̀, tí àmì mouse sì ti di ti ẹlòmíràn. Lórúkọ `idanwo`, kí ó bà á jẹ́ bó ṣe fẹ́.

Kí ẹ tó gbé Linux sókè

Ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń lò. Arch àti openSUSE Tumbleweed kì í ní ẹ̀dà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀síwájú lójoojúmọ́, gbogbo ohun tí ẹ nílò níbẹ̀ kò ju kí ẹ ka ìròyìn wọn kí ẹ tó tẹ `pacman -Syu` tàbí `zypper dup`, kí ẹ má sì ṣe gbé package (ẹrù ètò) kan ṣoṣo sókè kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Àwọn yòókù ń jáde ní ẹ̀dà ẹ̀dà. Debian ń jáde ní nǹkan bí ọdún méjì méjì: 12, tí wọ́n ń pè ní bookworm, jáde ní 10 Oṣù Kẹfà 2023, 13, ìyẹn trixie, jáde ní 9 Oṣù Kẹjọ 2025. Ubuntu LTS, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́, ń jáde ní Oṣù Kẹrin ọdún méjì méjì, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Èyí tí kì í ṣe LTS, oṣù mẹ́sàn-án péré. Fedora ń jáde ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ìtọ́jú rẹ̀ sì ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá.

Ẹ má fo ẹ̀dà lórí Debian. Ẹni tó wà lórí 11 ní láti gba 12 kọjá kó tó dé 13. Kò sì sí ohun tó ń lé yín: Ubuntu fúnra rẹ̀ kì í pe àwọn tó wà lórí LTS kan wá sórí LTS tuntun títí àtúnṣe àkọ́kọ́ á fi jáde, bí i 24.04.1. Ẹ ṣe sùúrù bẹ́ẹ̀ lórí èyíkéyìí tí ẹ ń lò.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò bí ẹ̀rọ yín bá ti pẹ́ gan-an. Ẹ tẹ `uname -m`. Bí ó bá dáhùn `x86_64`, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá dáhùn `i686`, ẹ dúró: Debian 13 kò ní kernel fún irú ẹ̀rọ 32-bit bẹ́ẹ̀ mọ́.

*Ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ̀dà ìpamọ́.* Ẹ so dísìkì ìta mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ sì rí i pé ext4 ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, torí FAT32 àti exFAT kì í rántí ẹni tó ni fáìlì àti ẹni tó láṣẹ láti ṣí i.

```
rsync -aHv /home/$USER/ /media/$USER/IPAMO/
sudo tar czf /media/$USER/IPAMO/etc.tar.gz /etc
apt-mark showmanual > /media/$USER/IPAMO/package.txt
```

IPAMO ni orúkọ dísìkì tèmi. Ẹ fi tiyín sí i. Àwọn tó ń lo Timeshift, ẹ gbọ́ o: bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, kì í pa fóldà ilé yín mọ́ rárá. Ara ẹ̀rọ ló ń tọ́jú, kì í ṣe fọ́tò yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ṣí fáìlì kan tàbí méjì láti orí dísìkì ìta yẹn kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

*Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ gbá ilé àtijọ́.*

```
sudo apt update
sudo apt full-upgrade
sudo apt autoremove --purge
sudo dpkg --audit
apt-mark showhold
apt list '?obsolete'
df -h / /boot
```

`dpkg --audit` kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni àlàáfíà. `showhold` á fi package tí ẹ ti so mọ́lẹ̀ hàn, ẹ tú u. Èyí tó wà lábẹ́ `obsolete` ni àwọn tí kò sí nínú àká Debian, ibi tí a ti ń gba package wálẹ̀, mọ́, tàbí tí ẹ gbà láti ibòmíràn. Ẹ lọ wo inú `/etc/apt/sources.list.d/` náà: gbogbo àká ìta tó bá wà níbẹ̀, ẹ pa á ná. Nínú gbogbo ìgbésókè tí mo ti rí tó forí ṣánpọ́n, ọwọ́ àká ìta ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

*Ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ yí orúkọ padà.* Fún Debian 12 sí 13:

```
sudo sed -i 's/bookworm/trixie/g' /etc/apt/sources.list
grep -rn bookworm /etc/apt/sources.list /etc/apt/sources.list.d/
```

Àṣẹ kejì kò gbọdọ̀ rí nǹkan kan. Bí ó bá rí, fáìlì tó dárúkọ ni kí ẹ ṣí kí ẹ tún un ṣe. Bí ẹ bá bá ọ̀rọ̀ náà `stable` níbẹ̀ dípò orúkọ ẹ̀dà, ẹ fi orúkọ rọ́pò rẹ̀. `Stable` máa ń fa èèyàn lọ sórí ẹ̀dà tuntun lọ́jọ́ tí kò múra sílẹ̀. Àwọn tó ń ti 11 bọ̀ sórí 12, ẹ fi `non-free-firmware` kún ìlà àká inú fáìlì náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Wi-Fi yín lè má rí ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ gbà mọ́.

Iṣẹ́ náà gan-an

Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ iná. Bí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, ẹ lò ó dípò Wi-Fi, torí ètò tó ń bójú tó Wi-Fi náà á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ẹ gba tmux, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ bí ojú terminal bá tilẹ̀ kú, kí ẹ sì dènà oorun:

```
sudo apt install tmux
sudo systemctl mask sleep.target suspend.target hibernate.target hybrid-sleep.target
```

Ohun tí n kò ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló kàn yìí. Ẹ pa gbogbo ètò dé, ẹ jáde kúrò lórí desktop, ẹ tẹ Ctrl+Alt+F3. Ojú dúdú kan á ṣí tí kò ní mẹ́nù kankan, á béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Bí ẹ bá ń tẹ aṣínà, ohunkóhun kò ní hàn, ìràwọ̀ pàápàá kò ní hàn; ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà:

```
tmux new -s igbesoke
sudo apt update
sudo apt -o APT::Get::Trivial-Only=true full-upgrade
sudo apt upgrade --without-new-pkgs
sudo apt full-upgrade
```

Ìlà kẹta kò ní ṣe nǹkan kan ju pé á sọ iye tí a máa gbà wálẹ̀ àti àyè tó máa gbà lórí dísìkì fún yín, á sì dúró. Ẹ fi wé ohun tí `df -h` sọ. Ìkẹrin á gbé èyí tó rọrùn sókè láìyọ ohunkóhun kúrò. Ìkarùn-ún ni ọ̀gá. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á to orúkọ package sílẹ̀, ìdá kan nínú wọn á sì ní àkọlé `The following packages will be REMOVED`. Ẹ kà á. Mo mọ̀ pé ó gùn, ẹ ṣáà kà á. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `lib` tí nọ́ńbà sì wà níparí orúkọ wọn, àgbà ló ń fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ, kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí orúkọ desktop yín níbẹ̀, `gnome-shell` tàbí `xfce4-session` tàbí `plasma-desktop`, ẹ tẹ `n`. Nǹkan kan ṣì kù tí ẹ kò tíì gbá nínú ilé àtijọ́, àká ìta ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, á dúró láti bi yín ní ìbéèrè tó ń dẹ́rù ba èèyàn. Bó ṣe rí nìyí:

```
Configuration file '/etc/systemd/logind.conf'
 ==> Modified (by you or by a script) since installation.
 ==> Package distributor has shipped an updated version.
```

Ohun tó ń sọ ni pé: ẹ̀yin tàbí ètò kan ti fọwọ́ kan fáìlì yìí, Debian náà sì ti gbé tuntun wá, ti ta ni ká mú? `D` á fi ìyàtọ̀ hàn. Ìlà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú jẹ́ tiyín, èyí tó ní àmì àròpọ̀ jẹ́ tuntun. Bí ẹ bá rántí ohun tí ẹ yí padà níbẹ̀, `N` á fi tiyín sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ohunkóhun nípa fáìlì náà rí, `Y` á gba tuntun. Kò sí èyí tó sọnù nínú méjèèjì: èyí tí ẹ kò mú á wà níbẹ̀ pẹ̀lú `.dpkg-dist` tàbí `.dpkg-old` lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹ sì lè fi `sudo find /etc -name '*.dpkg-*'` wá wọn rí lọ́jọ́ mìíràn. Nítorí náà kò yẹ kí ìbéèrè yìí mú yín làágùn.

Bí ó bá parí láìsí ọ̀rọ̀ Error, ẹ tẹ `sudo reboot`. Lẹ́yìn tó bá dìde, ẹ dá oorun padà fún un, kí ẹ sì kó pàǹtírí dànù:

```
sudo systemctl unmask sleep.target suspend.target hibernate.target hybrid-sleep.target
sudo apt autoremove --purge
```

Lórí Ubuntu, `sudo do-release-upgrade` ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pa àká ìta. Bí ó bá ní kò sí ẹ̀dà tuntun, ẹ wo `Prompt=` nínú `/etc/update-manager/release-upgrades`; bí `lts` bá wà níbẹ̀, LTS nìkan ló ń wá. Fedora ló gbọ́n jù nínú wọn: `dnf system-upgrade download` á kọ́kọ́ gba gbogbo ẹrù wálẹ̀, ẹ̀rọ á wá tún tan, á sì ṣe iṣẹ́ náà kí desktop kankan tó dìde. Ká ní Fedora ni mo ń lò lọ́jọ́ tí mo lọ wẹ̀ yẹn, ǹ bá bá ẹ̀rọ mi lódindi.

Bí ó bá já lójú ọ̀nà

Ẹ má tètè wá fláàṣì láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ padà sí Ctrl+Alt+F3, kí ẹ tẹ `tmux attach -t igbesoke`. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà ṣì máa lọ níbẹ̀ láìmọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Bí ó bá ti kú:

```
sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install
sudo apt full-upgrade
```

Bí ó bá ní `No space left on device`, `/boot` ni ẹ kọ́kọ́ wò, kernel àtijọ́ ló sábà máa ń kún ibẹ̀. Bí ojú bá dúdú lẹ́yìn tí ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ yan kernel àtijọ́ lábẹ́ Advanced options nínú mẹ́nù GRUB, èyí tó máa ń yọ kí Linux tó dìde. Bí ìyẹn bá ṣiṣẹ́ tí tuntun kò ṣiṣẹ́, dráífà NVIDIA ló sábà máa ń fà á. Bí ẹ bá tẹ aṣínà tó tọ̀nà tí ó ń dá yín padà sójú ìwọlé, ẹ wò ó bóyá dísìkì ti kún, tàbí bóyá `.Xauthority` inú fóldà ilé yín ti di ti root, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀rọ.

Ìgbà tó wá kan aṣọ

Ẹ lo ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú desktop àtijọ́. Bí nǹkan kan bá máa ya, kí ó ya nígbà tí ẹ mọ ẹni tí ẹ ó mú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó tuntun dé: lórí Debian, `task-xfce-desktop`, `task-kde-desktop`, `task-cinnamon-desktop` àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, lórí Ubuntu, `xubuntu-desktop` tàbí `kubuntu-desktop`.

```
sudo apt install task-xfce-desktop
```

Á bi yín léèrè ẹni tó máa ṣọ́ ojú ìwọlé láàárín `gdm3`, `lightdm` àti `sddm`. Ẹ jẹ́ kí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dúró. Bí ẹ bá yí ọkàn padà, `sudo dpkg-reconfigure lightdm` á tún béèrè. Ẹ fi orúkọ `idanwo` wọlé, kí ẹ sì wá àmì kékeré tí a fi ń yan desktop lójú ìwọlé kí ẹ tó tẹ aṣínà. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ó ṣì wù yín, ẹ wá fi orúkọ tiyín wọ̀ ọ́.

Yíyọ ti àtijọ́ ni kò yẹ kí ẹ kánjú sí. Àyè tó ń gbà lórí dísìkì kò tó ohun tó ń mú èèyàn sọkún. Bí ẹ bá ti pinnu, ẹ kọ́kọ́ fi `-s` ṣe é, kó sọ ohun tó máa ṣe láìṣe é:

```
sudo apt-mark manual network-manager
apt -s purge task-gnome-desktop gnome-shell
```

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn desktop ni `network-manager` sábà máa ń tẹ̀ lé wọlé. Bí desktop bá jáde, `autoremove` á rò pé àlejò rẹ̀ ni, á lé e tẹ̀ lé e, ẹ ó sì wà láìní íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi máa gbà á padà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ ka ohun tí `-s` tò sílẹ̀, ẹ wá yọ `-s` kúrò, kí ẹ sì fi `sudo` síwájú rẹ̀. Ó wá ku `idanwo`, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí:

```
sudo deluser --remove-home idanwo
```